Òkò tí a Sọ Sókè, Báwo Ni Ó Ṣe Ń Bọ̀ Wálẹ̀?

Ní àsìkò máńgòrò kan, òkò kan fo ọgbà ilé-kéú wa kọjá, ó sì ba ìyá alákàrà lórí. Ọmọ tó sọ ọ́ kò sẹ́. Ohun tí ó ń wí ni pé òkè ni òun sọ ọ́ sí, àti pé agbára òkò náà ti tán lókè kí ó tó máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà fún un. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Arisṭū, amòye ará Gíríìkì, sọ pé bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe yára já bọ́ tó. Lára àwọn tó ta kò ó ni Yahya an-Nahwi ará Alẹkisáńdíríà, tó gbé ayé ní nǹkan bí 1500 ọdún sẹ́yìn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ náhúù, ẹ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ara orúkọ rẹ̀.) Ó ní bí ohun kan tilẹ̀ wúwo ju èkejì lọ fíìfíì, ìyàtọ̀ àkókò tí àwọn méjèèjì yóò fi dé ilẹ̀ kò tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ ló ń dá ewé dúró tí kò fi bá òkúta dọ́gba. Ní ọdún 1971, David Scott ju òòlù àti ìyẹ́ àṣá sílẹ̀ pọ̀ lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí eré ohun tó ń já bọ́ fi ń pọ̀ sí i? Abu'l-Barakat al-Baghdadi, ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, sọ nínú Kitab al-Mu'tabar pé ìwúwo nǹkan náà kò dẹ́kun láti máa fi mayl kún mayl. Galileo ará Ítálì ló wá fi ìṣirò sí i, nínú ìwé tó jáde ní 1638. Nítorí pé ìjábọ́ yá jù fún ojú, bọ́ọ̀lù ló ń yí lórí pákó tó dagun, ó sì ń fi omi tó ń ṣàn wọn àkókò. Ní ìṣẹ́jú àáyá kìíní, òkúta ń já bọ́ ní mítà 4.9, ní èkejì, 14.7; ní ẹ̀kẹta, 24.5. Bí 1, 3, 5 ni wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Ti ohun tí a sọ ńkọ́? Ibn Sina (980–1037) ní ó ń gba mayl lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, mayl náà kò sì ní tán bí kò bá sí ohun tó ń dènà rẹ̀. Galileo fi hàn pé ìrìn méjì ló ń rìn pọ̀: ó ń lọ síwájú, ó sì ń já bọ́, ọ̀kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Ẹ gbé ìdérí ìgò míńrà méjì sí etí tábìlì. Ẹ fi ìka ta ọ̀kan jáde, kí ẹ ti èkejì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà òkò fi ń tẹ̀ bí ọrun.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Bí òkò bá ń gòkè, ilẹ̀ ń gba mítà 9.8 nínú eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, eré ìgòkè rẹ̀ tán lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń bọ̀, gbogbo ohun tí ilẹ̀ gbà ló ń dá padà, àyàfi ìwọ̀nba tí afẹ́fẹ́ mú. Òkò tó gòkè tó mítà 20 yóò lo bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lójú ọ̀nà òkè, yóò lo méjì lójú ọ̀nà ilẹ̀, yóò sì balẹ̀ pẹ̀lú eré tó súnmọ́ kìlómítà 70 ní wákàtí kan, bí ọkọ̀ lójú títì. Bí ó bá sì ń lọ síwájú ní mítà márùn-ún péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn, yóò ti fi mítà 20 jìnnà sí ẹni tó sọ ọ́. Láti ìdí máńgòrò wa dé ibi tí ìyá alákàrà gbé ń dáná kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.