Makamisa: Ìwé ìtàn kẹta tí José Rizal kò rí parí

Ní orílẹ̀-èdè Filipínì, ọmọdé àtàgbà ló mọ José Rizal. Ìwé ìtàn àròsọ méjì ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, àwọn ìwé náà sì wà lára ohun tó dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Àmọ́ ìwé kẹta kan tún wà tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Ohun tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ lè ya ẹ̀yin olùgbọ́ wa lẹ́nu: èdè abínibí rẹ̀ ni.

Ta ni José Rizal?

Ìlú Calamba ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861, nígbà tí Filipínì ṣì wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn Spéìn. Dókítà ojú ni, ó ń kọ ewì, ó sì ń kọ ìtàn. Ọdún 1887 ló tẹ Noli Me Tangere jáde ní Berlin, ẹ̀dà 2,000. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Máximo Viola, ló yá a lówó tó fi tẹ̀ ẹ́. El Filibusterismo tẹ̀ lé e ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1891.

Ìwé méjèèjì tú àṣírí ìrẹ́jẹ tí àwọn aláṣẹ Spéìn àtàwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ń hù sí aráàlú. Inú bí ìjọba, wọ́n fòfin de ìwé náà.

Kí ló dé tó fi fẹ́ kọ ìkẹta ní Tagalog?

Èdè Spéìn ló fi kọ ìwé méjì àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tó kàwé ló sì gbọ́ èdè yẹn ní Filipínì. Ìyẹn ni pé àwọn tí Rizal ń jà fún gan-an kò lè ka ohun tó kọ nípa wọn.

Ní oṣù September 1891, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ferdinand Blumentritt, ọ̀mọ̀wé ọmọ Austria. Ó ní òun fẹ́ kọ ìwé kẹta, kò ní dá lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìṣe àti àṣà àwọn èèyàn òun ló máa dá lé. Ìgbà tó ń gbé ní Hong Kong ló kọ ọ́, ó sì fi Tagalog bẹ̀rẹ̀.

Makamisa túmọ̀ sí "lẹ́yìn ìsìn Máàsì". Àkọlé orí àkọ́kọ́ ni. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ìlú kan tó ń jẹ́ Pili, inú àlùfáà wọn, Padre Agaton, kò dùn, làwọn ará ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn: kí ló ṣe Fadá lónìí?

Ibo ló ti dúró?

Orí kan péré ni Rizal kọ ní Tagalog. Lẹ́yìn náà, ó tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní èdè Spéìn, kò sì parí ìyẹn náà. Láti kékeré, èdè Spéìn ni wọ́n fi kọ́ ọ níléèwé. Ó lè fi Tagalog tàkúrọ̀sọ nílé, àmọ́ kó fi kọ odidi ìwé, iṣẹ́ ńlá ni.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá a fà á. Lọ́dún 1886, nígbà tó ń túmọ̀ eré Wilhelm Tell ti Schiller sí Tagalog, ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Paciano, pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni òun ń wá tí òun kò rí. Ọ̀kan lára wọn ni "òmìnira". Inú ìtumọ̀ tí Marcelo del Pilar ṣe sí iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti padà rí i: kalayahan.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i?

Lọ́dún 1892, Rizal padà sí Manila. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjọba mú un, wọ́n lé e lọ sí Dapitan, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ní December 30, 1896, wọ́n yìnbọn pa á ní Manila. Ẹni ọdún 35 ni.

Ìwé kẹta náà wà láàárín àwọn ìwé tó fi sílẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ Noli Me Tangere ni. Bó ṣe wà ní ilé ìkówèésí ìjọba nìyẹn títí di 1987, tí onímọ̀ ìtàn Ambeth Ocampo fi kà á dáadáa, tó rí i pé ìtàn ọ̀tọ̀ ni. Ọdún 1992 ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìwé náà kò parí títí dòní. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Rizal wá títí nígbà kan kò ṣòro wá mọ́. Ní gbogbo June 12, tí àwọn ará Filipínì bá ń ṣe àjọyọ̀ òmìnira wọn, Araw ng Kalayaan ni wọ́n ń pè é: Ọjọ́ Òmìnira.