Kí Katapílà Tó Dé Ìdí Erédò

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń tẹ́tí sí wa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a mú wá fún yín lónìí. Ẹ̀yin ará Ayépé, àti gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ilẹ̀ pupa wa dáadáa. Òun ni a fi ń kún ọ̀nà, òun ni a fi ń mọ ilé. Nítorí náà ni àwọn tí ń wa yangí fi ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkìtì inú igbó ni Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ ọ́n.

Ẹ wo Erédò Súngbọ́. Yàrà jíjìn ni, tí odi ilẹ̀ pupa dúró sí etí rẹ̀. Ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ká, gígùn rẹ̀ sì tó máìlì 100. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó ẹsẹ̀ bàtà 65. Ìtàn àwọn àgbà ni pé Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí orúkọ òun má baà parun. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń lọ sí ojú oórì rẹ̀ ní Òkè-Èrì. Ní ọdún 1959, P. C. Lloyd kọ̀wé nípa Erédò. Ní àwọn ọdún 1990, Patrick Darling wọ inú igbó lọ, ó sì yà á sórí àwòrán ilẹ̀. Ní 1995, Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, lára àwọn ibi tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé kà sí ohun ìní wọn.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ pupa tí a fi mọ odi náà gan-an ni ohun tí tìpà ń wá.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó wà nínú ilẹ̀ lásán? Ìwé ìtàn ni. Àpáàdì àti èédú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìpele-ìpele. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ló ti pẹ́ jù. Àwọn awalẹ̀pìtàn, tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn, lè ti ara èédú mọ ọdún tí a dá iná náà. Bí katapílà bá ti da gbogbo rẹ̀ rú, kò sí ẹni tí ó lè tún un kà mọ́.

Òótọ́ ni pé ìwakùsà a máa fi ohun àtijọ́ hàn wá. Ní 1943, nítòsí Jẹ́máà, àwọn awakùsà tíìnì rí orí ère amọ̀ kan. Ẹni tí ó mú un lọ gbé e lórí igi nínú oko iṣu, láti máa fi dẹ́rùba ẹyẹ. Oríire ni pé ó dé ọwọ́ Bernard Fagg, tí ó mọ iyì rẹ̀. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́ ọnà Nok. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó ti fọ́ kí a tó rí ẹyọ kan yẹn?

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ilé-iṣẹ́ Rio Tinto gba ìwé àṣẹ ní 2013. Ní 2014 ni àwọn awalẹ̀pìtàn wá rí i pé ihò àpáta Juukan ti jẹ́ ibùgbé ènìyàn láti nǹkan bí 46,000 ọdún. Ìwé àṣẹ ti jáde ná, òfin kò sì fi àyè sílẹ̀ láti tún un yẹ̀ wò. Ní oṣù Karùn-ún 2020 ni wọ́n fi àdó olóró fọ́ ọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò náà kò padà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé yíyẹ ilẹ̀ wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé àṣẹ.

Òfin tiwa kò dákẹ́. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé àṣẹ ìwakùsà kò kan ìlú, ọjà, itẹ́ òkú, ojúbọ àwọn baba ńlá, tàbí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin ọdún 1992 sì ní kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò bà jẹ́, kí a sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó jókòó ní Àbújá kò lè mọ òkìtì tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún un. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má wa kùsà. Ọ̀nà wù wá, ilé sì wù wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ ti ṣe tán kí àlejò tó dé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bi àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà yín níbi tí yàrà, ahoro àti ojú oórì wà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi orúkọ wọn tó ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ tí ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Bí awakùsà bá dé, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.