Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń pààyàn nínú fíìmù, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń jìyà ẹ̀ níta

Bí ẹ bá ti wo fíìmù The Omen rí, ìyẹn eléyìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1976, ẹ ò ní í tètè gbàgbé ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Damien. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò gbé àdá, kò yìnbọn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta táwọn ọmọdé fi ń ṣeré kiri ilé ló gùn, ló bá fi kọ lu nǹkan tí ìyá tó ń tọ́ ọ dúró lé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, n'ìyá bá ré bọ́ sísàlẹ̀. Gregory Peck, ògbóǹtarìgì òṣèré Amẹ́ríkà, ló ṣe bàbá rẹ̀, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní London. Bàbá yìí ò mọ̀ pé ọmọ Sàtánì gan-an lòun gbé sílé, tóun ń fún lóúnjẹ, tóun ń ṣọjọ́ ìbí fún. Ìgbà tó máa fi gé irun orí ọmọ náà, tó rí 666 lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kí ló dé tọ́mọdé fi ń bani lẹ́rù nínú fíìmù ju àgbàlagbà tó gbébọn lọ? Ọ̀rọ̀ náà ò le. Ẹni tó gbébọn, a máa sá fún un. Ta ló ń sá fọ́mọ? Ọmọ là ń gbé pọ̀n, ẹ̀yìn wa ló wà, a ò rójú ẹ̀. Àwa la sọ ọ́ pé ọmọ laṣọ, àwọn òyìnbó oníṣe fíìmù náà sì mọ̀ pé kòkòrò tó wà nínú aṣọ téèyàn wọ̀ sọ́rùn, ìdààmú ẹ̀ ju ti èyí tó wà nínú igbó lọ.

Kì í ṣe The Omen ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Ogún ọdún ṣáájú ẹ̀, lọ́dún 1956, ni The Bad Seed ti jáde. Rhoda lorúkọ ọmọ tibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó dirun méjì, aṣọ ẹ̀ kì í dọ̀tí, ó mọ àgbà kí, obìnrin tó nilé tí wọ́n ń gbé sì fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú. Irú ọmọ yẹn ló pa ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sílé ìwé nítorí àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún ìyẹn pé ó mọ̀wé kọ dáadáa, tó tún dáná sun ọkùnrin tó ń tún ilé ṣe nígbà tó fura sí i. Nínú ìwé tí William March kọ lọ́dún 1954, tí wọ́n ti mú ìtàn náà, ìyá ló kú, Rhoda wà láàyè, ó ń jẹ̀gbádùn ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin tó de àwọn oníṣe fíìmù Amẹ́ríkà nígbà yẹn ò gbà kí ọ̀daràn mú un jẹ, ni wọ́n bá ní kí àrá sán pa ọmọ náà.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ìtàn parí. Wọ́n pe àwọn òṣèré jáde lọ́kọ̀ọ̀kan káwọn òǹwòran rí wọn, ni Nancy Kelly tó ṣe ìyá bá fa Patty McCormack tó ṣe Rhoda, ó dà á dé orí itan, ó ń gbá a nídìí bí ẹni ń bá ọmọ ẹ̀ ṣeré. Wọ́n fẹ́ kó yé gbogbo ayé pé eré la wá ṣe, ọmọ èèyàn lọmọ yìí. Patty ṣì ń ṣe tíátà títí tó fi dàgbà. Nígbà tí wọ́n tún The Bad Seed ṣe lọ́dún 2018, òun ni wọ́n fi ṣe dókítà tí wọ́n gbé ọmọ burúkú inú ẹ̀ lọ bá! Harvey Stephens tó ṣe Damien náà ńkọ́? Irun ẹ̀ ò tiẹ̀ dúdú rárá, ṣe ni wọ́n pa á láró.

Ti Linda Blair ló le díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí The Exorcist jáde lọ́dún 1973, òun ló ṣe ọmọ tí ẹ̀mí àìmọ́ gbé wọ̀. Ohùn gbígbóná tẹ́ ẹ gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe tiẹ̀. Mercedes McCambridge, àgbà òṣèrébìnrin, ló ń mu sìgá, tó ń gbé ẹyin tútù mì, kí ohùn ẹ̀ lè ha. Orí tó yí po sẹ́yìn, ère ni. Èébì tó tutù bí ewé yẹn, ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn òyìnbó ni. Síbẹ̀ náà, àwọn kan gbà á gbọ́ débi pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí iléeṣẹ́ tó ni fíìmù fi gba ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri. Ọmọ tó ní iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn nìyẹn o. Èwo wá ni ti ọmọ tí ò lẹ́nìkan?

Ká má tan ara wa, àwa náà mọ ọmọ tó ń bani lẹ́rù. Kí òyìnbó tó gbé kámẹ́rà ni Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ àbíkú àti emèrè. Àwọn baba wa bẹ̀rù àbíkú dáadáa. Bó bá kú tán, wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ẹ̀ lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá tún yà wá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàyè, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Kó jókòó ni wọ́n ń wá, wọn ò lé e síta. Lóde òní, àwọn dókítà ti jẹ́ kó yé wa pé àìsàn sickle cell, fòníkú-fọ̀ladìde, ló pa púpọ̀ nínú wọn.

Ọdún 1999 lọ̀rọ̀ gba ibòmíì yọ lórílẹ̀-èdè yìí. Ọdún yẹn ni fíìmù End of the Wicked jáde, tí Teco Benson darí. Helen Ukpabio, tó dá ìjọ Liberty sílẹ̀ ní Calabar, ló kọ ọ́. Nínú ẹ̀, àwọn ọmọ tó sùn sílé ń lọ sípàdé àjẹ́ lóru, wọ́n ń jẹran èèyàn, wọ́n ń da ilé bàbá wọn rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ṣe The Omen ò ní ìjọ. Ẹni tó bá wò ó tán, á délé, á sùn. Àmọ́ bí ajíyìnrere bá ṣe fíìmù, tó tún gun orí pẹpẹ lọ́jọ́ Sánńdè, ta ló máa sọ fún màmá tó jókòó sẹ́yìn pé eré ni? Obìnrin kan náà ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, tó ń ké lóru, tí ara ẹ̀ ń gbóná, tí ìlera ẹ̀ ń bàjẹ́, ìránṣẹ́ Sàtánì ni. Háà! Nílẹ̀ ẹlẹ́fọn bíi tiwa yìí? Ọmọ ta ni ara ẹ̀ kì í gbóná lóru? Ukpabio ti sọ pé òun ò ní kẹ́nikẹ́ni fìyà jẹ ọmọ. A gbọ́.

Lọ́dún 2008, tẹlifíṣọ̀n Channel 4 ní ìlú òyìnbó gbé àwọn ọmọ Akwa Ibom jáde nínú Saving Africa's Witch Children: ọmọ tí wọ́n lé nílé, ọmọ tí wọ́n nà, ọmọ tí wọ́n jó, àtàwọn pásítọ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó "tú" ọmọ sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìpínlẹ̀ ọ̀hún ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tiwọn, tí wọ́n kọ ẹ̀wọ̀n sínú ẹ̀ fẹ́ni tó bá pe ọmọ ní àjẹ́. Àwọn wo gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? UNICEF kà wọ́n sílẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010: ọmọ òrukàn tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí, ọmọ tí wárápá ń mú, akólòlò, alágídí, tó fi dórí ọmọ tọ́pọlọ ẹ̀ pé ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ilé aṣojú ìjọba ni Damien balẹ̀ sí, bàbá Rhoda sì jẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà. Tiwa, ọmọ tí ò lẹ́ni tó máa gbèjà ẹ̀ ni.

Kó má di pé Calabar nìkan là ń bá wí, ẹ wo London. Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast, làwọn òbí ẹ̀ fà lé àǹtí bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ kàwé nílẹ̀ òyìnbó, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà ń tọ̀ sára, wọ́n bá ń mú un sùn nínú báàfù, wọ́n dè é mọ́nú àpò. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń dà á láàmú. Ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2000 ló kú. Àmì ọgbẹ́ 128 ni dókítà kà lára ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, bíi ti Rhoda. Àǹtí ọ̀hún àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé gba ẹ̀wọ̀n gbére lọ́dún 2001. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2010, London náà ni Kristy Bamu, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kú sí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin àti ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, tí wọ́n ní oṣó ni.

Ní Akwa Ibom, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, obìnrin ọmọ Denmark kan, Anja Ringgren Lovén, rí ọmọkùnrin kékeré kan lójú títì, ìhòòhò ló wà, egungun ẹ̀ ṣeé kà. Àwọn ẹbí ẹ̀ ló lé e, wọ́n ní àjẹ́ ni. Ọmọ bí ọdún méjì! Fọ́tò ibi tóbìnrin náà ti ń fún un lómi mu kárí ayé. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ya òmíràn. Ọmọ náà ti sanra, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó ń lọ sílé ìwé.