Bodè Írẹ́lándì àti Ìjáde Ìlú Ọba Kúrò Nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2016, ìjọba Ìlú Ọba bi àwọn ará ìlú ní ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìwé ìdìbò: ṣé kí orílẹ̀-èdè náà dúró nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni, tàbí kí ó jáde kúrò nínú rẹ̀? Nígbà tí a ka ìbò tán, nǹkan bí mílíọ̀nù 17.4 ènìyàn ni ó ní kí a jáde, nǹkan bí mílíọ̀nù 16.1 sì ní kí a dúró. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni David Cameron, Olórí Ìjọba tí ó pe ìbò náà, kéde pé òun yóò fi ipò sílẹ̀, nítorí pé ìdúró ni òun ti ń polongo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ó gbà kí ìjáde náà tó parí, ó sì tún lé Olórí Ìjọba mìíràn kúrò lórí oyè kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ orí ahọ́n lásán. Ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni Ìlú Ọba wọ inú rẹ̀, nígbà tí Edward Heath wà lórí oyè. Láti ọdún 1993 ni a ti sọ ọjà gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ di ọjà kan ṣoṣo. Wọn kì í gba owó bodè lọ́wọ́ ara wọn, oníbodè kì í sì í tú ẹrù wò láàárín wọn. Nígbà tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú rẹ̀, ẹrù tí a ṣe ní Jámánì a máa wọ Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé Manchester ni ó ti wá. Ará ìlú kan lè lọ gbé ní ìlú kejì, kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìtọrọ ìwé àṣẹ. Ẹni tí yóò jẹ àǹfààní wọ̀nyí ní láti san owó ẹgbẹ́, kí ó sì pa òfin tí gbogbo wọn jọ ṣe mọ́. Èyí ni àwọn tí ó fẹ́ ìjáde kò gbà mọ́. Wọ́n ní òfin náà ti pọ̀ jù, àlejò tí ń wọlé ti pọ̀ jù, kò sì yẹ kí ilé ẹjọ́ tí ó wà ní Luxembourg máa borí Ilé Aṣòfin tiwọn.

Ohun kan wà nínú ìbò náà tí ó kan àwọn ọmọ Yorùbá. Òfin fi àyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé Ìlú Ọba lọ́nà ẹ̀tọ́ láti dìbò. Nítorí náà ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń gbé ní Peckham, tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè dìbò. Ṣùgbọ́n ará Faransé tàbí ará Jámánì tí ó ti lo ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè dìbò bí kò bá tíì di ọmọ Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ irú wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ.

Ìwé ìdìbò béèrè bóyá kí a jáde. Kò béèrè ọ̀nà tí a ó gbà jáde. Níbẹ̀ ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ 50 nínú Ìwé Àdéhùn Lisbon ni ó la ọ̀nà ìjáde sílẹ̀: orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ lọ yóò kọ̀wé sí ẹgbẹ́, láti ọjọ́ náà yóò sì ní ọdún méjì láti fi bá àwọn yòókù ṣe àdéhùn. Bí ọdún méjì bá pé tí kò sí àdéhùn, tí a kò sì sún ọjọ́ síwájú, ó di dandan kí ó jáde bẹ́ẹ̀ láìní ohunkóhun lọ́wọ́. Ìyáàfin Theresa May, tí ó gba ipò lẹ́yìn Cameron, kọ ìwé náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2017. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pe ìdìbò sí Ilé Aṣòfin, ó rò pé agbára òun yóò pọ̀ sí i. Òdìkejì ni ó rí. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò ní iye tí ó tó mọ́, ó sì ní láti fi ara ti àwọn aṣòfin mẹ́wàá láti Àríwá Írẹ́lándì tí à ń pè ní DUP.

Ọ̀gbẹ́ni Michel Barnier, ará Faransé, ni ó ṣojú fún àwọn orílẹ̀-èdè 27 tí ó kù. Ó ní kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn mẹ́ta kí a tó fẹnu kan òwò. Èkíní ni owó tí Ìlú Ọba jẹ ẹgbẹ́. A ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí £39 bílíọ̀nù. Èkejì ni àwọn ọmọ Yúróòpù tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ tí ó ń gbé Ìlú Ọba, àti àwọn ọmọ Ìlú Ọba tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. A rí méjèèjì yanjú. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe ààlà Írẹ́lándì, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gbogbo rẹ̀ túútúú.

Erékùṣù kan ni Írẹ́lándì, ṣùgbọ́n láti ọdún 1921 ni a ti pín in sí méjì. Apá àríwá jẹ́ ti Ìlú Ọba, ìyókù sì jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó wà nínú Ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ààlà tí ó wà láàárín wọn gùn tó nǹkan bí kìlómítà 500, ọ̀nà tí ó sì gba orí rẹ̀ kọjá ju 200 lọ. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni àwọn tí ó fẹ́ kí àríwá dára pọ̀ mọ́ gúúsù àti àwọn tí kò fẹ́ fi ìbọn àti àdó olóró bá ara wọn jà, tí àwọn ọmọ-ogun Ìlú Ọba náà sì wà nínú rẹ̀. Ó ju 3,500 ènìyàn lọ tí ó kú. Àdéhùn Ọjọ́ Ẹtì Rere, ti ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1998, ni ó pa iná náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wó àwọn ilé ìṣọ́ àwọn ọmọ-ogun tí ó wà lójú ààlà. Láti ìgbà náà, ènìyàn a máa sùn ní ìhà kan, kí ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì láìrí ẹni tí yóò bi í léèrè. Wàrà màlúù àríwá ni a ń gbé lọ sí ilé iṣẹ́ ní gúúsù. Ọtí Guinness tí a pọn ní Dublin ni a ń gbé lọ sí Belfast láti rọ sínú ìgò àti agolo, kí a tó tún gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.

Ìjọba Ìyáàfin May ti ṣe ìlérí mẹ́ta: pé Ìlú Ọba yóò kúrò nínú ọjà àjọní náà àti ètò owó bodè rẹ̀, pé oníbodè kankan kò ní í dúró lójú ààlà Írẹ́lándì, àti pé ìdènà kankan kò ní í wà láàárín Àríwá Írẹ́lándì àti ìyókù Ìlú Ọba. Èyíkéyìí méjì nínú wọn lè ṣẹ, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè ṣẹ pọ̀. Bí òfin ọjà bá ti yàtọ̀ ní ìhà méjì, ibì kan ní láti wà tí a ó ti máa yẹ ẹrù wò. Bí kò bá jẹ́ lórí ilẹ̀, a jẹ́ pé etí òkun ni.

Ohun tí Ìyáàfin May gbà ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, ni pé gbogbo Ìlú Ọba yóò ṣì wà lábẹ́ ètò owó bodè kan náà pẹ̀lú Yúróòpù títí a ó fi rí ọgbọ́n mìíràn dá. Àwọn tí ó fẹ́ ìjáde ní ìtànjẹ ni, pé ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde ni. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2019, Ilé Aṣòfin fi ìbò 432 sí 202 kọ̀ ọ́. Kò tíì sí ìjọba Ìlú Ọba tí a ṣẹ́gun tó bẹ́ẹ̀ láyé òde òní. Ìgbà méjì ni ó tún gbé e padà wá, ìgbà méjèèjì ni wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ó fi ipò sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Boris Johnson gba ọ̀nà etí òkun. Àdéhùn tí ó ṣe ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, fi Àríwá Írẹ́lándì sílẹ̀ lábẹ́ púpọ̀ nínú òfin ọjà Yúróòpù, kí a lè máa yẹ ẹrù wò bí ó bá ti ń gúnlẹ̀ láti ìyókù Ìlú Ọba. Ó borí nínú ìdìbò oṣù Kejìlá, Ìlú Ọba sì jáde ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2020. Àdéhùn òwò kò parí títí di ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ọdún náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹja pípa, tí kò kó ohun púpọ̀ nínú ọrọ̀ ìhà méjèèjì, ni wọ́n fà á lé lórí títí di wákàtí ìkẹyìn.

Àwọn DUP ní a ti ta àwọn. Láti oṣù Kejì, ọdún 2022, ni wọ́n ti kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni ṣe ìjọba ní Belfast, ọdún méjì gbáko ni ó sì fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Rishi Sunak tún àdéhùn náà ṣe ní Windsor ní oṣù Kejì, ọdún 2023: ẹrù tí yóò dúró sí Àríwá Írẹ́lándì yóò gba ọ̀nà kan tí àyẹ̀wò kò ti pọ̀, èyí tí ó lè kọjá sí gúúsù yóò gba ọ̀nà kejì. Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Ọ̀gbẹ́ni Keir Starmer àti àwọn aṣíwájú Yúróòpù pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti ṣe àdéhùn tuntun tí yóò dín àyẹ̀wò oúnjẹ àti ohun ọ̀gbìn kù, a sì fún àwọn apẹja Yúróòpù láyè nínú omi Ìlú Ọba títí di ọdún 2038.