Ní Oko Ọba, Oko Ìjọba Ló Di Ọgbà Ilé-Ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé-ìwé ìjọba ní Oko Ọba àti gbogbo àyíká Agége, kó kọ́kọ́ wo orúkọ wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Vetland. Òmíràn ń jẹ́ Dairy Farm. Ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé wọ̀nyí lè má tíì fojú kan màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ rí, àfi èyí tí wọ́n ń dà lọ sí odò ẹran. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í parọ́. Vetland ni ilẹ̀ àwọn oníṣègùn ẹran. Dairy Farm ni oko tí wọ́n ti ń sin màlúù nítorí wàrà. Oko Ọba fúnra rẹ̀, oko ni. Oko ló wà níbẹ̀ kí ilé tó dé, orí ilẹ̀ oko náà ni ilé-ìwé sì ti ráyè dúró.

Láti bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni wàhálà kan náà ti ń bá àdúgbò yìí fínra: ọmọ ń pọ̀, ilé kò tó. Kò sí ìjọba tó dé tí kò bá ìbéèrè yìí pàdé. Ṣé kí wọ́n kọ́ ilé tó dára fún ìwọ̀nba ọmọ ni, àbí kí wọ́n fi òrùlé bo gbogbo wọn lórí, bó ti wù kí òrùlé náà rí?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ronú ilé-ìwé ní Agége. Ilẹ̀ ni wọ́n wá síbẹ̀. Nígbà tí ojú irin tó gba Agége lọ sí Ìbàdàn ṣí ní 1901, àwọn ọlọ́jà Èkó ti ń wá oko kòkó àti obì síbẹ̀. J. K. Coker tó dá oko ńlá sí Ìfàkò ni a mọ̀ jù nínú wọn. Òun náà wà lára àwọn tó léwájú nígbà tí ìjọ African Church yapa ní 1901, ó sì wà lára àwọn àgbẹ̀ ńlá tó dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tó wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà lọ sílé. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Agége ní nìyẹn, kò sì ní ògiri.

Ilé-ìwé tó ní ògiri, abẹ́ òrùlé ìjọ ló ti bẹ̀rẹ̀ níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ilé kan náà tí wọ́n ń jọ́sìn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń kọ́ ABD nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èyí kò tẹ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́rùn, nítorí ọmọ tó bá lọ sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lè ti ibẹ̀ gba orúkọ mìíràn bọ̀ wálé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Ní Agége gan-an, Ahmadiyya College dé ní 1948. Òun náà ló padà di Anwar-ul-Islam College, ọ̀pọ̀ èèyàn pàtàkì nílẹ̀ yìí ló sì jáde níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọ kì í ṣe ti gbogbo ọmọ. Owó ni wọ́n ń san, ọmọ àgbẹ̀ tó rí i san kò pọ̀. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní oṣù keje 1952 ni Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀. Owó rẹ̀ kò kéré. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá bu owó orí ẹ̀kọ́ àti ìlera lé aráàlú lórí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà náà mọ ohun tí ṣílè mẹ́wàá jẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá, kí wọ́n sì tún gba owó lé e. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀, ẹgbẹ́ Alákùkọ ló borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò tìtorí ìyẹn pa ètò náà tì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí àwọn ọmọ Èkó òde òní kì í fẹ́ gbọ́. Lọ́dún náà, Agége kì í ṣe ara Èkó. Láti 1954 ni wọ́n ti yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tó di ti ìjọba àpapọ̀. Agége, Ìkẹjà àti Mushin dúró sí abẹ́ Ìbàdàn. Nítorí náà, ọmọ àgbẹ̀ ní Oko Ọba wà lára àwọn tí ìjọba ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ní 1955, nígbà tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó dúró di 1957 kí tirẹ̀ tó dé. Ará oko ló ṣáájú ará ìlú.

Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600 ní 1954. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 811,432. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó wọn sí? Ìlú kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n pe ọ̀wẹ̀, wọ́n pọn omi, wọ́n gbẹ́ amọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ilé náà, amọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí wọ́n sì fi páànù bò. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù náà, tíṣà á dákẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó ti tó ilé-ìwé. Àwọn tí wọ́n wọ kíláàsì kìíní lọ́dún náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí.

Ọ̀pọ̀ ìlú tó yọ̀ǹda ilẹ̀ nígbà náà, ẹnu ni wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀, láìsí ìwé. Ibẹ̀ ni oko ìjọba ti sàn ju ilẹ̀ ẹbí lọ. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba tẹ́lẹ̀, kò sí ọmọ-ọmọ ẹnikẹ́ni tó máa dìde lọ́la pé bàba ńlá òun kò fọwọ́ sí i.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ńláńlá dé Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wá ilé sùn ní Agége, níbi tí owó yàrá ti rọjú, tí búrẹ́dì sì wà láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 1967, Agége bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ kéde ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ tún ya bí omi. Àwọn kan ń lọ ní àárọ̀, àwọn kan ń lọ ní ọ̀sán, nínú kíláàsì kan náà. Ọmọ ọ̀sán á máa tòògbé, ilẹ̀ á sì ti ń ṣú kó tó délé.

Ìyẹn ni Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè bá nílẹ̀ nígbà tó di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979. Ó ní ilé-ìwé ọ̀sán gbọ́dọ̀ dópin. Iye tí wọ́n ń kà fún un ni kíláàsì 11,729 láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ 1980. Irú ilé wo ni èèyàn lè fi oṣù díẹ̀ kọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ilé gígùn, ògiri tí kò ga, òrùlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn alátakò sọ ọ́ ní ilé adìẹ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Òtítọ́ ni pé oòrùn ń mú nínú rẹ̀, òjò ń fẹ́ wọlé, ohùn tíṣà kan sì ń bọ́ sí kíláàsì ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ kò sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó sí. Àwọn ọmọ tó jáde nínú ilé adìẹ náà ti di dókítà àti agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ àwọn kan lára àwọn tó bú u ti ní ilé-ìwé tí wọ́n ń rán ọmọ tiwọn lọ.

Níbi tí Jákàńdè ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni ìwé tó kọ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 1980, pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá sílé. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì, Anthony Olúbùnmi Okogie, àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Kóòtù dá wọn láre.

Ìjọba alágbádá dópin ní ìparí 1983. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú ìkánjú ni wọ́n wá ń lò bí ilé ayérayé. Páànù ṣí, àga kán, ẹni tó lówó díẹ̀ sì kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó kún gbogbo òpópónà Agége. Lẹ́yìn 1999, ìjọba Bọ́lá Tinúbú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé alájà tí wọ́n ń pè ní Millennium School. Wọ́n tún pín ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́fà. Agége, Ìfàkò-Ìjàyè àti Alímọ̀ṣọ́ ni ẹkùn kìíní. Alímọ̀ṣọ́ nìkan ní 1,277,714 èèyàn nínú ìkànìyàn 2006, kó tó di pé a ka Agége mọ́ ọn.

Òkè ni ilé-ìwé ń lọ báyìí, nítorí ilẹ̀ ti tán. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sin màlúù rí, ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta ló ń pín ọgbà kan, ọ̀gá tirẹ̀ lọ́tọ̀, agogo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Oko Ọba, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà màlúù àti odò ẹran. Àwọn ni ó kù nínú oko náà.