Ẹ má dúró de gbèdéke kí ẹ tó lọ gba NIN fún ọmọ yín

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé Lọ́kọ́ja, láti Adankolo títí dé Felele, láti Ganaja títí dé Lokongoma, ẹ má jáyà, kì í ṣe owó ẹgbẹ́ ni a fẹ́ bèèrè lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àti ìwé tí yóò fi wọ́n hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n.

Ọdún 2021 ni àjọ JAMB kọ́kọ́ fi ọwọ́ líle mú un pé ọmọ tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo wa ń pè ní NIN, kò ní lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2020, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró. Ìdádúró yẹn wà lára ohun tó tàn wá jẹ. Ìforúkọsílẹ̀ ti 2021 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, wọ́n ní yóò parí ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, wọ́n sún un dé ọjọ́ 29, ó parí.

Ọmọkùnrin kan wà láàrin wa nígbà náà, bàbá rẹ̀ ọmọ Ọ̀fà, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ. Láti inú oṣù kejì ló ti ń da ìyá rẹ̀ láàmú pé kí wọ́n mú òun lọ gba NIN. Ìyá náà wá bi wá léèrè, àwa tí wọ́n ń pè ní aṣíwájú. A ní kó fara balẹ̀. A ní ìjọba kì í fi gbèdéke lélẹ̀ kó má sún un. Ẹ ṣáà rántí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ní kí a so NIN mọ́ síìmù fóònù wa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Kí oṣù kejì ọdún 2021 tó parí, wọ́n ti sún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìpè àwọn tí kò so tiwọn. Ohun tí a ń rí nìyẹn tí a fi gba obìnrin náà nímọ̀ràn. A kò rò ó pé ti síìmù yàtọ̀ sí ti ìdánwò.

Ìgbà tí wọ́n wá lọ ní oṣù karùn-ún, gbogbo ìlú ti wà lórí ìlà nítorí síìmù. Kí wọ́n tó kírun àárọ̀ ni èrò ti ń tò. Lónìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, lọ́la iná ti lọ. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n bèèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ìwé yẹn ti bá omíyalé ọdún 2012 lọ, nígbà tí odò Ọya wọ Adankolo tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù. Wọ́n sáré lọ gba òmíràn, bàbá sì sọ ọdún tí ó rántí, ó ní 2005. Ọdún 2003 ló wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí NIN bá gbé jáde ni JAMB sì ń lò. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, ọjọ́ 29 ti kọjá.

Ọdún kan gbáko ni ọmọ náà fi bá ìyá rẹ̀ ru aṣọ lọ sí ọjà. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí wa, ojú a máa tì wá. Ìdí tí a fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ọmọ kò ní láti dàgbà kí ó tó gba NIN. Ọmọ ọwọ́ pàápàá lè gbà á. Nọ́ńbà bàbá tàbí ìyá ni wọn yóò so tirẹ̀ mọ́, nítorí náà òbí tí kò bá ní NIN ni kó kọ́kọ́ lọ gba tirẹ̀. Bí ọmọ bá pé ọdún 16, kí ó padà lọ kí wọ́n ya ojú rẹ̀ tuntun, kí ó sì tẹ gbogbo ìka rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ ti ìpadàlọ yìí. Ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí ni kì í ṣe ọ̀fẹ́: láti ọdún 2025, 28,574 náírà ni. Ẹ fi èyí wé owó tí ẹ ń pa lọ́jà lọ́sẹ̀ kan.

Ìwé ìbí sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òfin ọdún 1992 ní kí a fi ìbí ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka ènìyàn láàrin 60 ọjọ́. Ẹ ṣe é, kí ẹ sì ya ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí omi kò lè dé, nítorí omi tún padà wá ní 2022. Orúkọ tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni kí ẹ kọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ká máa fi orúkọ bàbá àgbà sí ibì kan, ká fi orúkọ bàbá sí ibòmíràn, wàhálà ni.

Ó ku ibi tó ta àwa àtìpó jù. Fọ́ọ̀mù NIN ń bèèrè ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan nínú wa a ní kí akọ̀wé kọ Kogi, nítorí pé ibí ni wọ́n bí ọmọ sí. Àwọn mìíràn a dákẹ́, akọ̀wé a sì kọ ohun tó wù ú. Bí ọmọ bá wá wọlé sí yunifásítì, tí wọ́n ní kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá, Lọ́kọ́ja yóò ní àwọn kò mọ bàbá rẹ̀, Ọ̀fà yóò ní Kogi ló kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Kwara ni Lọ́kọ́ja wà. Ará Ọ̀fà tàbí ará Ìlọrin tó wá ṣòwò níbí ní 1975 kò kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ rárá. Orí ìjókòó ló wà tí ààlà fi kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà ni a ó ṣe lò ó. Abala 25 ìwé òfin 1999 sọ ọmọ wa di ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ ìbí, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 318 ló sọ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ará àwùjọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Kò ní bàbá nìkan. Ẹ̀yin tí ìyàwó yín jẹ́ ọmọ Oworo, Bunu, Yagba tàbí Igala, ọmọ yín lè kọ Kogi pẹ̀lú ẹ̀rí. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń janpata, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ ilé bàbá yín, kí ẹ sì rí i pé ilé mọ̀ yín.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n bá kọ̀wé kí ọmọ wọn di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀, wọ́n a ní kí wọ́n mú ọmọ wá ya ojú kí ó sì tẹ ìka. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, fọ́tò nìkan ni. Àwọn yẹn kì í dúró de ìsúnsíwájú.

Ní ìpàdé ìparí oṣù yìí, kí olúkúlùkù mú NIN tirẹ̀ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn ọ̀dọ́ wa méjì tí wọ́n gbọ́ kọ̀ǹpútà yóò jókòó sídìí tábìlì, wọn yóò yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wò pẹ̀lú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ lọ. Baálé ilé tí kò bá ní ráyè, kó rán ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí ìwé tirẹ̀ bá omi lọ, kó tètè dé, nítorí tirẹ̀ ni yóò pẹ́ jù.