Torí òórùn ara àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé wa nílé

Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹta ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ nílé wa l'Ágége. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé ni, kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tí ìyá ológì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa fi gèlè bo imú, tó ní, "Ẹ gbà mí o, òórùn kí lèyí? Àbí eku ló kú síbì kan ni?" Ẹ̀rín la kọ́kọ́ fi í rín. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó máa di ìpàdé gbogbo ilé ni.

Kì í ṣe eku ló kú. Ọdún kejì ni àbúrò mi wà nígbà náà nílé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ ilé-ìwé náà lọ́wọ́ mi), wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ànátómì. Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀bẹ kékeré la òkú èèyàn, kó fi ojú ara rẹ̀ rí bí Ọlọ́run ṣe to iṣan, egungun, ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ìfun síbi tí kálukú wọn wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà nílẹ̀ yìí, nítorí ọdún 1948 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.

Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni tiwọn. Àwọn bíi mẹ́wàá á rọ̀gbà yí òkú kan ká, wọ́n á wọ kóòtù funfun, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jáde, òórùn yẹn á bá wọn jáde. Ó wà nínú irun, ó wà lára aṣọ, ó wà lábẹ́ èékánná, kódà ó wà lára ìwé tí wọ́n bá gbé wọ ibẹ̀.

Àbúrò mi sọ fún mi pé tóun bá ti wọ dánfó, ẹni tó bá jókòó ti òun á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, á wo abẹ́ bàtà ara ẹ̀ bóyá ó ti tẹ nǹkan. Tó bá yá, á rọra sún lọ sídìí fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, kọ̀ndọ́ ní kó bọ́ọ́lẹ̀, pé òun á dá owó ẹ̀ padà fún un. Ó bọ́ọ́lẹ̀ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn délé.

Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà ò ṣe dáadáa. Mo ní kó máa fi àpò ẹ̀ síta. Mo ní kó má fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ro àmàlà, tó bu tèmi wá, mo ní ebi ò pa mí, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa mí gidi. Kò fọhùn. Ó gbé oúnjẹ náà, ó lọ dá jókòó jẹ tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nígbà tó di òru, mo gbọ́ tó ń sunkún sínú pílò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní òun fẹ́ẹ́ fi ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀, pé òun á lọ kọ́ nǹkan míì.

Ká tó yanjú ìyẹn, ti àwọn ará ilé ti gba ibòmíì yọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán. Ẹnì kan ní ọmọ náà ń ṣe oògùn owó. Ẹlòmíì ní èmi gan-an ni mò ń ṣe é, pé ọmọ náà ló kàn ń bá mi gbé ẹrù wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ayé ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń ká ẹ̀yà ara èèyàn mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì. Bí òórùn òkú bá ń jáde láti yàrá ẹnì kan nílé tí èrò pọ̀ sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ o. Bí aláìmọ̀kan kan bá figbe ta sígboro, kí ọlọ́pàá tó dé, táyà ti lè wà lọ́rùn aláìṣẹ̀.

Bàbá onílé wá ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ìpàdé ilé máa wà lọ́jọ́ Sátidé, kí n wá sọ ohun tó wà nínú yàrá mi fún gbogbo èèyàn. Bí mi ò bá rí i sọ, kí n gba èyí tó kù nínú owó ilé mi, kí n máa lọ.

Kí Sátidé tó dé, mo sáré lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ọsibítù. Òun ló là mí lójú. Ó ní òórùn yẹn kì í ṣe ti òkú tó ń jẹrà rárá, nítorí òkú tó bá ń jẹrà ò ṣeé fi kọ́ni fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oògùn tí wọ́n fi tọ́jú òkú náà tí kò fi jẹrà ló ń rùn. Fọ́máálìn ni wọ́n ń pè é. Gáàsì kan tó ń jẹ́ formaldehyde ni wọ́n pò mọ́ omi, èyí tó lágbára jù tí wọ́n ń tà sì máa ń ní gáàsì yẹn tó ìdá 37 nínú 100. Wọ́n á bu omi là á, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ńlá fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ òkú.

Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ferdinand Blum ló ṣàwárí iṣẹ́ tó ń ṣe yìí lọ́dún 1893. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fọ́máálìn lè pa kòkòrò àrùn ni, ló bá rí i pé awọ orí ìka òun fúnra rẹ̀ ti le. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé bó ṣe mú ìka òun le, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa mú ẹran ara yòówù le, tí kò fi ní í bàjẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní ohun mẹ́ta ló ń mú kí òórùn náà lẹ̀ mọ́ni. Ìkíní, gáàsì yẹn fẹ́ràn omi, ibi tí òógùn bá ti wà lára aṣọ àti irun ló máa ń fara pamọ́ sí. Ìkejì, wọ́n sábà máa ń po nǹkan míì mọ́ fọ́máálìn, bíi fẹ́nọ́ọ̀lì tó ń rùn bí Izal ayé àtijọ́. Ìkẹta tó burú jù ni ọ̀rá ara òkú. Bí ọ̀rá bá ta síni lára, òórùn ló gbé dání, omi lásán ò sì lè ṣí ọ̀rá kúrò.

Sátidé pé. Mo kó ìwé àbúrò mi, káàdì ilé-ìwé ẹ̀ àti kóòtù funfun ẹ̀ dání, mo sì ní kí òun náà wá. Mo ṣàlàyé títí. Àwọn kan ń mi orí, àwọn kan ń yọ ṣùtì. Bàbá onílé ń yẹ káàdì wò lójú méjèèjì. Ìgbà náà ni ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi àbúrò mi léèrè pé, "Ọmọ mi, òkú ta ni?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá, mi ò mọ orúkọ wọn. Wọn ò sọ fún wa. Àgbàlagbà ni wọ́n, Bàbá ni mo máa ń pè wọ́n. Mo máa ń kí wọn kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n."

Ìyá àgbà wò ó pẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa kàwé ẹ̀." Bí ìpàdé ṣe parí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá onílé fi kún un ni pé aṣọ ilé-ìwé yẹn ò gbọdọ̀ wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni kó ti máa fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tàbí àbúrò nídìí ẹ̀kọ́ yìí, àti ẹ̀yin ọmọ mẹ́dísìn fúnra yín, ẹ gbọ́ ohun tó bá wa ṣe é. Àkọ́kọ́, aṣọ kan ṣoṣo tó ti gbó ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ ti bọ́ ọ, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ so ó pa kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ẹlòmíì.

Ní ti irun, ẹ̀yin obìnrin, àtáṣímẹ́ǹtì máa ń mu òórùn bí kànìnkànìn ṣe ń mu omi. Ẹ di irun yín ní kékeré, kẹ́ ẹ fi fìlà bò ó dáadáa. Ní ti ọwọ́, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní nitrile lágbára ju latex lọ, nítorí fọ́máálìn tètè máa ń gba inú latex kọjá. Bó bá ya, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti ta sí yín lọ́wọ́, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára, àmọ́ ẹ ṣàn án kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó jáde sóòrùn, torí omi ọsàn yẹn pẹ̀lú oòrùn lè bó èèyàn lára.

Ẹ má da lọ́fíńdà bò ó o. Àbúrò mi dán an wò, òórùn méjì ló di. Ẹ má sì da Hypo sórí aṣọ tí fọ́máálìn ṣì wà lára ẹ̀, kẹ́míkà méjì tí wọ́n bá pàdé lè tú èéfín tó léwu jáde.

Àwọn kan máa ń fi Robb tàbí Àbóníkì ra imú. Ó ń bo òórùn lóòótọ́, àmọ́ kò dí gáàsì lọ́nà. Ìbòmú lásán tí wọ́n ń lò ní ọsibítù náà ò dí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọjá òórùn lásán nìyí. Lọ́dún 2004, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé formaldehyde lè fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Imú sì máa ń tàn wá jẹ, tó bá ti pẹ́ díẹ̀ kò ní í gbọ́ òórùn náà mọ́, bẹ́ẹ̀ gáàsì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ ife tàbí tó lóyún gbọ́dọ̀ tètè sọ fún olùkọ́. Ẹ má lo awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé náà gbọ́dọ̀ rí i pé fèrèsé ń ṣí, pé ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn jáde ń ṣiṣẹ́, kódà nígbà tí iná bá lọ.

Ohun kan wà tí ọṣẹ ò lè fọ̀. Lákòókò ìsinmi tí àbúrò mi ò débẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun ṣì ń gbọ́ òórùn náà bóun bá fẹ́ jẹ ẹran. Ọ̀rẹ́ mi ní kì í ṣe àìsàn, pé ibi tí ọpọlọ ti ń gbọ́ òórùn àti ibi tó ń kó ìrántí pa mọ́ sí jọ múlé gbe ara wọn ni. Ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí èèyàn bá rí ẹni bá sọ ọ́.

Ìbéèrè ìyá àgbà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ òkú tí wọ́n ń lò nílé-ìwé dókítà ní Nàìjíríà ló jẹ́ èyí tí ẹbí kankan ò wá gbà ní mọ́ṣúárì. Lọ́dún 2021, BBC gbé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde ní Calabar, tó sá jáde níbi ànátómì tẹkúntẹkún, torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ti ń wá kiri ló bá lórí tábìlì. Ní Taiwan, àwọn èèyàn kan máa ń fi òkú wọn sílẹ̀ tinútinú, olùkọ́ tí kì í fọhùn ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Tiwa ò tíì débẹ̀.

Wọ́ọ̀dù ni àbúrò mi wà báyìí, ó ti kúrò nídìí òkú. Ìyá ológì tó fi gèlè bo imú lọ́jọ́sí ló ń pè é ní "dókítà mi" báyìí, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti bẹ̀ ẹ́ torí àmàlà ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, bó bá wọlé tòórùn tòórùn, ẹ fún un lómi wẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ jọ jẹun.